Antonio, Sadín àti Ìwọ́de: Bí Ọdún Lisbon Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá wọ Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgàl, lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù, èéfín ẹja ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ní àdúgbò Alfama, ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ti ń yan sadín lórí ẹyinná, wọ́n á gbé e lé búrẹ́dì kí òróró rẹ̀ máa kán sí i. Ijó ń lọ, ọtí ń lọ, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn. Ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú wà ní ìsinmi nítorí Antonio Mímọ́. Àlejò á rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Ẹni mímọ́ náà ti pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n dá èyí tó gbayì jù nínú ọdún rẹ̀, ìyẹn ìwọ́de àdúgbò, sílẹ̀.

Fernando ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Lisbon ní nǹkan bí ọdún 1195. Ó di Antonio nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Francis ní 1220. Ẹ̀bá Padua ní Ítálì ló kú sí ní 13 oṣù Òkúdù 1231, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Póòpù Gregory Kẹsàn-án fi kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ará Padua ní tàwọn ni. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí ará Lisbon. Vincent Mímọ́ gan-an ni ìjọ fi ṣe alábòójútó ìlú yìí, ṣùgbọ́n inú òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ọjọ́ tirẹ̀ bọ́ sí. Ta ni yóò jó níta nígbà yẹn? Oṣù Òkúdù ni ooru dé tí sadín sì sanra.

Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1755 wó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn ọmọdé ń to pẹpẹ kéékèèké sí ìta, wọ́n ń tọrọ kọ́bọ̀ fún àtúnkọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì parí, àwọn ọmọ ò dẹ́kun ìtọrọ. Mo fura pé súìtì ló jẹ púpọ̀ nínú owó náà.

Pọ́túgàl tilẹ̀ fi Antonio ṣe ológun: ní 1668 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọ ogun ní Lagos (ti gúúsù Pọ́túgàl ni o, kì í ṣe Èkó), ó sì di ọ̀gágun kékeré ní 1683. Bóyá kò wá yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ní Bahia, ní Brazil, Ògún ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀ rí lára rẹ̀.

Ní ti ìwọ́de àdúgbò, ọ̀rọ̀ owó ló bí i. Ní 1932, Campos Figueira, olùdarí ọgbà tíátà Parque Mayer, ń wá ohun tí yóò kó èrò wọlé. Ó fọ̀ràn lọ José Leitão de Barros, oníròyìn tó tún ń ṣe fíìmù. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará àdúgbò ti ń kọrin kiri pẹ̀lú iná lọ́wọ́ lóru ọdún. Leitão de Barros sọ ọ́ di ìdíje. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan á wọ àńkóò, á gbé àtùpà oníbébà sókè, á kọ orin tirẹ̀ níwájú adájọ́. Campo de Ourique ló kọ́kọ́ gbégbá orókè. Èrò ya bí omi. Kò pẹ́ tí ìjọba ìlú fi gba àkóso rẹ̀, ìjọba Salazar, apàṣẹwàá Pọ́túgàl nígbà náà, sì fẹ́ràn rẹ̀: mẹ̀kúnnù tó ń jó kò ráyè ṣọ̀tẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba yẹn wó ní 1974, ìwọ́de dúró díẹ̀ ni, ó tún padà. Àwọn àdúgbò ti sọ ọ́ di tiwọn. Títí dòní, ìdíje Alfama àti Marvila kì í ṣe eré.

Antonio tún ni wọ́n ń bẹ̀ fún ọkọ. Ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé á dorí ère rẹ̀ kodò títí yóò fi gbọ́. Ní 1958, ìwé ìròyìn Diário Popular bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgbéyàwó ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò lówó ìnáwó. Òun náà dúró ní 1974. Ìjọba ìlú ló jí i dìde ní 1997. Tọkọtaya 16 ni wọ́n sábà máa ń mú, àwọn tí kò fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì a sì fọwọ́ síwèé ní gbọ̀ngàn ìlú.