Bí a ṣe ń fi kíkà ọkọ̀ àti epo tí a tà mọ bí ìrìn ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i

Kò sẹ́ni tó lè tọ ipasẹ̀ gbogbo ọkọ̀ orílẹ̀-èdè kan kó mọ iye kìlómítà tí wọ́n rìn lọ́dún. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n ka ọkọ̀ láwọn ojú títì kan, kí wọ́n sì wo iye epo tí wọ́n tà.

Láwọn ibì kan, wọ́n máa ń ri wáyà sábẹ́ ọ̀dà títì, tí yóò máa ka ọkọ̀ tọ̀sán-tòru láti ọdún dé ọdún. Níbi tó kù, rọ́bà oníhò ni wọ́n ń nà kọjá títì fún bí ọjọ́ méjì. Iye ìgbà tí táyà gun rọ́bà yìí ló ń kà, kì í ṣe ọkọ̀, nítorí náà tírélà kan lè dà bí ọkọ̀ kékeré méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọn kò bá ṣàtúnṣe. Ibi tí wọ́n ti ń kà lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń mọ bí ọjọ́ méjì yẹn ṣe jọ ọjọ́ yòókù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi gígùn títì sọ iye ọkọ̀ òòjọ́ di púpọ̀. Àmọ́ òpópónà ńlá ni ẹ̀rọ pọ̀ sí. Títì àdúgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni kà á.

Epo kò mọ òpópónà yàtọ̀ sí àdúgbò. Lítà tí wọ́n tà, ẹ fi kìlómítà tí ọkọ̀ ń fi lítà kan rìn sọ ọ́ di púpọ̀, ìrìn ọkọ̀ ti jáde. Lóòótọ́, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ oko náà ń mu epo, ṣùgbọ́n bí ìpín tiwọn kò bá yí padà, kò ba ìṣirò ìdàgbàsókè jẹ́. Àṣìṣe tó dúró sójú kan kò léwu; èyí tó ń yí lọ́dọọdún ló yẹ ká ṣọ́.

Èyí tó ń yí jù ni bí ọkọ̀ ṣe ń ṣún epo lò. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1975 ní kí ọkọ̀ kékeré tuntun máa fi gálọ́ọ̀nù kan rìn máìlì 18 ní ìpíndọ́gba ní 1978, ó sì di 27.5 ní 1985. Ẹni tó bá wo epo nìkan nírú àkókò bẹ́ẹ̀ á rò pé ìrìn ọkọ̀ kò pọ̀ sí i tó bó ṣe pọ̀ sí i.

Ká ní epo tí wọ́n tà fi ìdá 1 nínú 100 lé sí i, tí ìrìn lórí lítà kan fi ìdá 2 lé sí i: ìrìn ọkọ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 3 pọ̀. Bí kíkà lójú títì bá sọ pé ìdá 5 ni, ibi tí wọ́n ti kà ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bóyá òpópónà ńlá nìkan ni ọkọ̀ ti ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kàlẹ́ńdà náà ń tanni. Ọjọ́ kan tó lé nínú oṣù Kejì nìkan ń fi nǹkan bí ìdá 3.6 kún oṣù náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí owó epo bá fẹ́ wọ́n, àwọn èèyàn á ra epo sílẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e á sì dà bíi pé wọn kò rìn.

Ọkọ̀ oníná kì í ra epo rárá, bó bá sì ṣe ń pọ̀ ni ọ̀nà epo ń yingin. Ní Great Britain, wọ́n máa ń kọ iye máìlì tó wà lójú mítà ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún, èyí sì ṣeé fi kún un. Àmọ́ ọkọ̀ tuntun kì í lọ fún àyẹ̀wò yìí títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta.