Ẹni tó ka History ní Ifẹ̀, ṣé ó lè wọlé fún PhD ọrọ̀-ajé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. History ni mo kà ní OAU, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí ní Lágéré báyìí. Ìwé gbèsè tí mò ń kọ lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí ọkàn mi fà sí ọrọ̀-ajé. Wọ́n ní Amẹ́ríkà kì í gba irú wa fún PhD rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi, àmọ́ wọn ò parọ́ tán. Kì í ṣe orúkọ ohun tí o kà ni wọ́n ń wò, ìṣirò tó wà nínú transcript rẹ, ìyẹn ìwé máàkì rẹ láti yunifásítì, ni. Ẹni tó ka físíìsì, tí kò ṣí ìwé ọrọ̀-ajé rí, lè gba àyè mọ́ ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kà á lọ́wọ́. Elinor Ostrom fẹ́ ṣe PhD ọrọ̀-ajé ní UCLA, wọn ò gbà á, torí ìṣirò tó kà kò tó. Ó bá yà sí ìmọ̀ ìṣèlú, ó gboyè ní 1965. Ní 2009, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Nobel nínú ọrọ̀-ajé! Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n má fi ṣe àwáwí.

Ìbéèrè: Irú ìṣirò wo?

Ìdáhùn: Calculus, linear algebra, statistics. Èyí tó ń jẹ́ kéèyàn làágùn ni real analysis, torí ibẹ̀ kì í ṣe ibi à-ń-wá-ìdáhùn, ibi à-ń-rojọ́ ni. Kọ 0.9, kọ 0.99, kọ 0.999, máa kọ ọ́ lọ láìdúró. Ṣé nọ́ńbà tí kò lópin yẹn kéré sí 1 díẹ̀, àbí 1 gan-an ni? 1 gan-an ni. Ó dáa, fi hàn mí, má sì sọ pé "a ṣáà mọ̀". Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ọdún kìíní PhD nìyẹn.

Kíkọ́ ọ nínú yàrá rẹ nìkan kò tó, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní máàkì ni kí o ti kọ́ ọ. GRE, ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń béèrè kí wọ́n tó gbani fún PhD, náà wà ńbẹ̀: 170 ni òkè téńté apá ìṣirò rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó ń béèrè rẹ̀ kì í sì fẹ́ kí èèyàn jìnnà sí i.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni master's? Owó ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe dandan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà, wọ́n á tún máa fún un lówó oúnjẹ fún bí ọdún márùn-ún. Oṣù December ni ọ̀pọ̀ ń ti fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n wá lẹ́tà mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó lè jẹ́rìí mi. Pásítọ̀ wa ti ṣèlérí ọ̀kan.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ máa gbàdúrà ní tiwọn. Lẹ́tà tó ń ṣiṣẹ́ ni ti olùkọ́ tó ti rí ọ níbi tí o ti ń ṣèwádìí. O sì ní ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní: ìwé gbèsè yẹn. Àwọn tó ń ta kòkó, ṣé October sí December tí kòkó ń jáde ni wọ́n ń san tiwọn? Àwọn olówó oṣù ńkọ́? Tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò, kí o gbé e lọ bá olùkọ́ kan.