Ohun tí oyin ń ṣe nínú kéèkì, ṣinṣin àti bàbá dúdú

Bí èèyàn bá po fùláwà ṣinṣin sí abọ́ méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde nínú oṣù Agẹmọ, tó fi ṣúgà sí ọ̀kan, tó fi oyin sí èkejì, ìyàtọ̀ wọn kì í pẹ́ hàn. Ti oyin ló máa kọ́kọ́ pọ́n nínú òróró, á sì ti fẹ́ máa dúdú kí ti ṣúgà tó pupa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ti ṣúgà ṣì ń ró wómúwómú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ti oyin ti rọ̀, ó ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ike. Ẹni tó dín in lè rò pé òróró ni kò gbóná tó. Òróró kò mọwọ́ mẹsẹ̀, oyin ló ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo oyin bí ẹni pé ṣúgà tí wọ́n ti yọ́ sílẹ̀ ni. Láti inú ihò igi ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Ohun dídùn tí kòkòrò oyin ń fà lára òdòdó kò ki rárá, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣúgà tó sì pọ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti inú ìrèké. Kòkòrò oyin á po èròjà kan láti inú ara rẹ̀ mọ́ ọn, èròjà yìí á gé ṣúgà náà sí méjì, glucose àti fructose. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo agbo oyin á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ nínú afárá títí omi inú rẹ̀ á fi kù bíi gíráàmù 17 tàbí 18 nínú 100, kí wọ́n tó fi ìda dé e lójú. Ó tún kan díẹ̀, àmọ́ adùn kì í jẹ́ kí ahọ́n fura sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá da oyin sínú fùláwà ti da omi sí i, ó ti da ohun kíkan sí i, ó sì ti da ṣúgà tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sí i. Inú àwọn mẹ́ta yìí ni gbogbo wàhálà àti gbogbo àǹfààní oyin ti ń wá.

Kéèkì ló máa kọ́kọ́ fi ìṣirò náà hàn. Ife ṣúgà kan wọn bíi gíráàmù 200, ife oyin kan náà wọn bíi 340. Ẹni tó bá yọ ife ṣúgà kan kúrò tó sì da ife oyin kan rọ́pò rẹ̀, kéèkì rẹ̀ á dùn jù, á sì ṣomi. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife oyin ló tó fún ife ṣúgà kan. Ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 255. Ṣúgà inú rẹ̀ á tó 210, omi inú rẹ̀ á tó 45. Omi yìí gan-an ló yẹ kí a yọ kúrò nínú mílíìkì tàbí omi tí a ti wọ̀n sílẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́ta. Bó bá jẹ́ kéèkì tí kò gba omi kankan ni, tó jẹ́ bọ́tà, ẹyin àti fùláwà nìkan, ṣíbí fùláwà méjì tàbí mẹ́ta ni a óò fi kún un. Kí oyin tó wọ ife ìwọ̀n, ó dára kí a fi òróró pa inú ife náà. Oyin á yọ̀ jáde tán, kò ní ku èyí tí ọmọdé máa fi ìka lá.

Ọ̀nà tí a ń gbà po kéèkì nílẹ̀ yìí tún ní ìṣòro kan tí àwọn tó ń kọ́ni ní kéèkì kì í sábà mẹ́nu bà. Wọ́n á ní kí a po bọ́tà àti ṣúgà títí yóò fi funfun tí apá á fi ro èèyàn. Iṣẹ́ gidi ni apá yẹn ń ṣe. Hóró ṣúgà ní igun tó mú, igun yẹn ló ń gbẹ́ ihò kéékèèké sínú bọ́tà, afẹ́fẹ́ inú ihò náà ló sì máa wú nínú ààrò tí kéèkì á fi ga. Oyin kò ní hóró, kò ní igun. A lè fi oyin po bọ́tà láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò ní funfun bí ti ṣúgà, kéèkì náà á sì wúwo. Ohun tó dára jù ni kí a pín adùn sí méjì, kí a fi ṣúgà po bọ́tà ní tirẹ̀, kí oyin wá wọlé lẹ́yìn, nígbà tí ẹyin bá ń wọlé. Kéèkì oyin pọ́ńbélé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kó ga bí èyí tí wọ́n ń gé níbi ìgbéyàwó yóò kàn da ara rẹ̀ láàmú ni.

Kíkan oyin náà ní ìwúlò. Bẹ́kìn sódà nílò ohun tó kan kó tó lè tú afẹ́fẹ́ tó ń gbé kéèkì sókè jáde. Bí oyin bá tó ife kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì bẹ́kìn sódà ti tó láti pa kíkan rẹ̀, kí kéèkì sì fúyẹ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Káún bá sódà yìí tan, ṣùgbọ́n ìtọ́wò rẹ̀ kò yẹ kéèkì, ẹ jẹ́ kó dúró sínú ilá.

Iná ló wá kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kéèkì oyin ń kú sí. Ṣúgà funfun ń dúró dìgbà tí iná bá tó bíi 160 °C kó tó máa pọ́n fúnra rẹ̀, fructose inú oyin ti ń pọ́n láti bíi 110. Bó bá sì tún pàdé ẹyin àti mílíìkì, àwọ̀ náà á tètè wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ṣúgà tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ ń yára bá èròjà amúaradàgbà inú wọn da pọ̀. Ààrò tí a ń fi 180 °C yan kéèkì ṣúgà, kí a mú un wá sí bíi 165 fún ti oyin, kí a sì fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń lo ìkòkò ńlá oníyanrìn lórí èédú kò ní bọ́tìnnì tó máa yí. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo iná rẹ̀ ti ń wá, ìdí kéèkì á ti dúdú kí àárín tó jinná. Kí ó wa èédú díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, kó gbé e sórí ọmọrí ìkòkò, kó sì tẹ́ bébà ní ìlọ́po méjì sídìí agolo kéèkì. Kí ó má ṣe gba ohun tí ojú rí gbọ́. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tó mọ́ tí a tì bọ àárín rẹ̀ ló máa sọ òótọ́. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná, ohun yòówù kí òkè rẹ̀ ti dà.

Èrè wàhálà yìí ń hàn ní ọjọ́ kejì. Fructose fẹ́ràn omi gan-an, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Kéèkì ṣúgà á ti máa gbẹ nígbà tí ti oyin ṣì rọ̀ bíi pé òní ni wọ́n yan án, òórùn rẹ̀ pàápàá máa ń rọ̀ wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ní ilé tí wọ́n ti ń retí àlejò Ojúde Ọba, tí Iléyá ti ṣáájú rẹ̀, tí ọwọ́ gbogbo ayé á sì dí pẹ̀lú ẹran àgbò, kéèkì tí a lè yan sílẹ̀ ṣáájú kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Búrẹ́dì tí a fi oyin pò náà ń pẹ́ kó tó le.

Ìfẹ́ omi yìí kan náà ló ń ba ṣinṣin jẹ́. Oyin tó wà níta gbangba máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ náà bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú 100. Ní ìgbà òjò, láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó, afẹ́fẹ́ kọjá ìyẹn lọ fíìfíì, aṣọ tí a sá sábẹ́ àtíbàbà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá yẹ kó le, tí oyin bá pọ̀ nínú rẹ̀, á rọ̀ dandan. Ẹni tó bá fẹ́ adùn oyin nínú ṣinṣin, kí ó má jẹ́ kí oyin kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin adùn inú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí iná òróró rẹlẹ̀, kí ó dé e pa sínú ike nígbà tó bá tutù tán. Tàbí kí ó fi ṣúgà dín in, kí ó wá ta oyin gbígbóná lé e lórí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́, èèyàn lè ṣe é bó ṣe wù ú.

Sísí pẹlẹbẹ le ju ṣinṣin lọ, nítorí náà ni oyin ṣe lè tètè bà á jẹ́. Ṣúgà tí a sè títí omi inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nǹkan bí 150 °C, tí a wá da ẹ̀pà sí, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ kó tutù, ni. Bó bá jẹ́ oyin nìkan ni a sè, á máa fà bíi gọ́ọ̀mù tó bá di ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀ oyin díẹ̀ wúlò fún un. Ṣúgà funfun tó ń hó lè ṣàdédé padà di hóró, kí gbogbo ìkòkò wá dà bí iyanrìn. Glucose àti fructose inú oyin kì í jẹ́ kí àwọn hóró náà rí ara wọn mú. Ìdajì ife oyin sí ife ṣúgà mẹ́rin tó fún iṣẹ́ yẹn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ náà lè ṣe é, owó rẹ̀ kò sì tó ti oyin.

Bàbá dúdú ló gba ọgbọ́n jù. Omi tí a fún lára àgbọn tí a rin ni a ń se pẹ̀lú ṣúgà títí á fi ki, tí á fi dúdú, tí ọwọ́ á fi lè gé e ká a mọ́ bébà. Àwọ̀ ni àwọn tó ń sè é ń wò láti mọ̀ pé ó ti tó. Bí oyin bá wọ̀ ọ́, àwọ̀ náà á máa purọ́: á ti dúdú bí ẹni tó jinná nígbà tí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà yẹn, bébà ló máa jẹ mọ́ ọn. Omi tútù nínú abọ́ ni adájọ́. Kí a kán ẹ̀kán kan sínú rẹ̀; bó bá tú ká, ó kù; bó bá rọ̀ lọ́wọ́, ó kù díẹ̀; bó bá di kókó tó le, a lè sọ̀ ọ́. Kí ìkòkò jìn pẹ̀lú, torí oyin máa ń ru sókè lójijì, ìfófòó rẹ̀ tó bá kan ọwọ́ kì í tètè kúrò lára.

Àádùn kò ní èyíkéyìí nínú wàhálà yìí, bóyá ìdí nìyẹn tó fi ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yan àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á po epo pupa, iyọ̀, ata díẹ̀ àti oyin mọ́ ọn. Kò sí omi tí a dà sí i, kò sì sí iná lẹ́yìn tí oyin bá ti wọlé. Epo àti oyin ló ń di ìyẹ̀fun náà mú, òórùn oyin kò sì bá èéfín lọ. Iná máa ń lé òórùn òdòdó inú oyin dànù. Ẹni tó bá ra oyin olówó iyebíye, àádùn ni kó fi ṣe tàbí kó dà á sórí nǹkan tó ti jinná. Fún kéèkì, oyin tó dúdú, tó ta lẹ́nu, ló ń kù lẹ́yìn ààrò.

Ṣùgbọ́n kí a tọ́ ọ wò ná. Oyin tí wọ́n fi ògùṣọ̀ lé kòkòrò rẹ̀ jáde máa ń rùn èéfín, òórùn yẹn kì í sì í jáde nínú kéèkì. Kí a sẹ́ ẹ, torí ìda àti èérún lè wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dì nígbà ọyẹ́, kò túmọ̀ sí pé wọ́n lú u ní ṣúgà. Glucose inú rẹ̀ ló so pọ̀. Gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́rọ́, á yọ́. Ìṣáná tí wọ́n ń tì bọ oyin láti dán an wò kò dá nǹkan kan mọ̀ dájú. Èyí tí wọ́n ń pè ní àmì èèrà pàápàá, pé èèrà kì í jẹ oyin gidi, kò rí bẹ́ẹ̀. Èèrà ń jẹ oyin.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin, bẹ́ẹ̀ ni kéèkì tàbí búrẹ́dì tí a fi oyin ṣe. Irúgbìn kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum lè wà nínú oyin tó mọ́ jù lọ. Ìfun àgbàlagbà lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ó lè hù, kí ó sì tú oró tó ń rọ iṣan. Iná ilé ìdáná kì í pa á, torí pé inú kéèkì tó ń jinná kì í kọjá 100 °C. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìsọmọlórúkọ, níbi tí oyin ti wà lórí tábìlì pẹ̀lú iyọ̀, obì, orógbó àti ataare. Àdúrà náà kò ní pé ẹnu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni oyin gbọ́dọ̀ kàn. Bàbá àti ìyá lè tọ́ ọ wò dípò rẹ̀, kí gbogbo ilé ṣe àmín.

Gààrí Ìjẹ̀bú ló kù. Ọjọ́ mélòó kan tí ẹ̀gẹ́ rírin fi ń sùn nínú àpò ló jẹ́ kó kan, oyin sì bá kíkan rẹ̀ mu ju ṣúgà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà kan ní Òde-Rẹ́mọ lè máa wo ẹni tó bá gbé ìgò oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ gààrí bí ẹni tí owó ń dà láàmú. Tí a bá da oyin lé e nínú omi tútù, á rì sí ìsàlẹ̀ abọ́, á jókòó síbẹ̀, ẹ̀kún ṣíbí tó gbẹ̀yìn nìkan ló máa dùn. Kí a kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́rọ́ bíi ṣíbí méjì po oyin náà títí á fi ṣàn, kí a wá dà á sínú omi tútù, kí gààrí tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀pà ló máa wọlé kẹ́yìn, kó má baà rọ̀.