Ọba, tẹ́tẹ́ àti ẹṣin tó ń tiro: bí eré ìje inú igbó òkè ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwọn tó ń sáré gba inú igbó páìnì lọ sórí òkè, tí wọ́n gbé àpò omi kọ́ ẹ̀yìn, lè rò pé àwọn oníṣòwò bàtà ló dá eré náà sílẹ̀ lánàá. Eré yìí ti pẹ́ jùyẹn lọ, ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú ìtàn rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jókòó pé òun fẹ́ dá a sílẹ̀. Nǹkan mìíràn ló gbé àwọn èèyàn gorí òkè, eré ló wá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ìje tó lórúkọ fi ń bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n parí sí ìlú àtijọ́. Ọ̀nà tí àwọn eléré ń tọ̀ ti wà kí wọ́n tó dé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló là á.

Ìtàn tó lọ jìnnà jù lọ wá láti Braemar, ìlú kékeré kan láàrin àwọn òkè Scotland. Wọ́n ní ní ọ̀rúndún kọkànlá, Ọba Malcolm Kẹta ń wá ẹni tí yóò máa bá a jíṣẹ́ kíákíá, ló bá ní kí gbogbo ẹni tó bá gbójú lé ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré lọ sórí òkè Craig Choinnich. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti ìdílé McGregor ló ta gbogbo àwọn yòókù yọ. Àbíkẹ́yìn wọn pẹ́ dé, wọ́n ti gbéra kó tó bọ́ sójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó ń lé wọn bá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kọjá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà níwájú, ìyẹn gbá a láṣọ mú. Ọmọ náà bọ́ aṣọ sílẹ̀ fún un, ó sì dé orí òkè láìsí nǹkan nídìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni o. Àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ yéni: láàrin òkè bẹ́ẹ̀, ọba tí kò ní ìránṣẹ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọ̀tá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eré náà ti di ìran àwòṣífìlà níbi àpéjọ ọdọọdún Braemar. Ọbabìnrin Victoria wà níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1850, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ tí wọ́n fi dé orí Craig Choinnich. Duncan, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ tó máa ń bá wọn ṣọdẹ, ló gbégbá orókè. Láti ìsàlẹ̀ ló ti fi àwọn tó kù sẹ́yìn pátápátá. Inú ọbabìnrin dùn gan-an. Ẹ wá wo àlàyé tó fi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà: Duncan tutọ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré yẹn, agbára rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n dá eré òkè náà dúró. Victoria yìí kan náà ló ra igbó páìnì Ballochbuie tó wà nítòsí ibẹ̀ ní 1878, kí àwọn oníṣòwò igi má bàa gé e lulẹ̀. Ó ṣàánú igi, ó ṣàánú ẹsẹ̀.

Ní àgbègbè Lake District nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá lórí òkè. Àwọn àlejò láti ìlú ńlá ń ya wá wo adágún, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń gbowó lọ́wọ́ wọn láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ta ló wá yára jù nínú àwọn afọ̀nàhàn yìí? Láti 1868 ni wọ́n ti ń fi eré ìje dáhùn ìbéèrè yẹn ní Grasmere: kúrò ní pápá, ó di orí òkè, ó tún di pápá. Owó ni wọ́n ń fún ẹni tó bá gbégbá orókè, àwọn ẹgbẹ́ tó ní eléré ò gbọdọ̀ gbowó ò sì fẹ́ rí irú wọn sójú. Ọ̀rọ̀ yẹn pín àwọn asáré òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ àlejò náà ni Bob Graham ń ṣe, ó ní ilé ìgbàlejò ní Keswick. Ní oṣù kẹfà 1932 ó gbéra lẹ́nu Moot Hall, gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà láàrin ìlú, ó gun òkè 42, ó sì padà síbẹ̀ láàrin wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 39. Bàtà tẹ́níìsì ló wọ̀, òun àti ṣòkòtò péńpé pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n fi ń sùn; búrẹ́dì àti ẹyin sísè wà nínú ohun tó jẹ. Ó di 1960 kí ẹlòmíràn tó gun òkè náà tán láàrin ọjọ́ kan.

Ní California, tẹ́tẹ́ ni. Ní 1904, Charles Boas àti Alfons Coney, ọmọ ẹgbẹ́ Olympic Club ti San Francisco, jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ti Mill Valley gba ẹ̀gbẹ́ Mount Tamalpais dé ilé ìtura Dipsea Inn létí òkun. Boas ló jẹ ẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ di eré ìje gbogbogbòò, òun ló sì pẹ́ jù nínú irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin fọgbọ́n wọlé ni: nígbà tí wọn ò gbà kí obìnrin sá eré tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n pe tiwọn ní ìrìn ẹsẹ̀ lásán, wọ́n sì ṣe é láti 1918 sí 1922.

Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n mú ìlú kan ṣoṣo tí eré tòní ti ṣẹ̀, Auburn ni màá mú, ní California kan náà. Wúrà ló dá ìlú náà sílẹ̀ nígbà tí ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn 1848. Láti ìhà adágún Tahoe, ọ̀nà kan gba orí òkè Sierra Nevada wá síbẹ̀. Àwọn Washoe àti Paiute ti ń tọ̀ ọ́ kí òyìnbó tó dé, lẹ́yìn náà làwọn awakùsà gbà á. Lókè, igbó páìnì ló wà. Èso gbígbẹ tí ọ̀kan nínú àwọn igi náà ń jù sílẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Nísàlẹ̀, àfonífojì jíjìn tí ooru há sí ni. Michigan Bluff wà létí ọ̀kan nínú wọn: àwọn awawúrà ibẹ̀ walẹ̀ débi pé ìdí ìlú ń yẹ̀, wọ́n sì ní láti ṣí i gòkè.

Ní 1955, Wendell Robie, oníṣòwò kan ní Auburn, fẹ́ fi hàn pé ẹṣin ṣì lè rin 100 máìlì láàrin ọjọ́ kan. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun ẹṣin láti Tahoe City wá sílé, ó sì ṣeé ṣe. Ó wá di ti ọdọọdún, Tevis Cup ni wọ́n ń pè é. Wákàtí 24 ni gbèdéke. Àwọn dókítà ẹṣin wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbọ́ bí ọkàn ẹṣin ṣe ń lù, tí wọ́n ń wò ó bóyá ó ń tiro. Èyí tí ara rẹ̀ ò bá pé, ibẹ̀ ni tiẹ̀ parí sí. Ẹni tó bá dé lásìkò á gba irin bẹ́líìtì tí wọ́n fi fàdákà ṣe.

Gordy Ainsleigh ti gba irin náà rí. Ní 1973, kò tíì rin ìdá mẹ́ta ọ̀nà tí ẹṣin rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, wọ́n sì dá a dúró. Drucilla Barner, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Tevis Cup, ló kì í láyà pé kó kúkú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá a. Ní oṣù kẹjọ 1974, ọkùnrin gìrìwò yìí dúró láàrin àwọn ẹlẹ́ṣin láìní ẹṣin, ó sì bá wọn gbéra. Nínú ooru tó mú gan-an lọ́jọ́ yẹn, ó dé Auburn ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 42. Ìṣẹ́jú 18 péré ló kù kí gbèdéke ẹṣin pé.

Ní 1977, ọkùnrin 14 sá a, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ẹṣin. Mẹ́ta ló parí. Andy Gonzales dé ní wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 57. Àwọn méjì tó kù, Peter Mattei àti Ralph Paffenbarger, ti lé ní ẹni 50 ọdún. Wákàtí 28 àti ìṣẹ́jú 36 ni wọ́n jọ fi dé. Lójú òfin ẹṣin, òfo ni wọ́n ṣe. Ta ni yóò wá wo bàbá méjì tó sáré mọ́jú nínú igbó lójú, tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àwọn alábòójútó sún gbèdéke sí wákàtí 30, gbèdéke yẹn ló sì wà níbẹ̀ dòní. (Paffenbarger, dókítà ni, ìwádìí rẹ̀ wà lára èyí tó jẹ́ káyé mọ̀ pé eré ìdárayá ń dáàbò bo ọkàn. Ó fi ara rẹ̀ ṣẹ̀rí.) Ní 1978 wọ́n ya eré èèyàn kúrò lára ti ẹṣin, Pat Smythe sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó parí rẹ̀, ní wákàtí 29 àti ìṣẹ́jú 34. Ká ní wọn ò sún gbèdéke náà fún bàbá méjì yẹn ni, òfo ni tiẹ̀ náà ì bá jẹ́.

Èèyàn ò lè wo eré 100 máìlì kó má rí ẹṣin níbẹ̀. Dídá eléré dúró lójú ọ̀nà láti yẹ ara rẹ̀ wò, gbígbé tí wọ́n máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n tẹ́lẹ̀ bóyá ó ti fọn jù, irin bẹ́líìtì fàdákà fún ẹni tó bá dé kí wákàtí 24 tó pé: ara Tevis Cup ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ràn kárí ayé. Eré Templiers bẹ̀rẹ̀ ní France ní 1995, lágbègbè Larzac tí àwọn jagunjagun Templar kọ́ ilé olódi sí láyé àtijọ́. Eré yíyí Mont Blanc ká bẹ̀rẹ̀ ní Chamonix ní 2003. Ní 2015, àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé fi í sínú ìwé òfin rẹ̀.

Leadville ló kù tí mi ò lè fò. Ìlú fàdákà àtijọ́ ni, ní Colorado, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ. Nígbà tí ibi ìwakùsà Climax tì ní 1982, gbogbo ìlú ló dá lágara, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jẹun. Ken Chlouber, awakùsà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó bá wá sáré 100 máìlì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, yóò jẹun, yóò san owó yàrá. Ní 1983 ó dá eré Leadville sílẹ̀, ó gba inú igbó páìnì, ó sì gun Hope Pass ní àlọ àti àbọ̀. Climax padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2012, ṣùgbọ́n Leadville ò fi eré rẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù kẹjọ, àlejò á tún kún ìlú.