Bí Àtẹ Ọ̀rọ̀-ìṣe Èdè Ítálì Ṣe Di Ohun Tó Dà Lónìí

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 960, ní ìlú Capua, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rodelgrimo, ará Aquino, bá àwọn mọ́ńkì Montecassino ṣẹjọ́ ilẹ̀. Ó ní ogún bàbá òun ni wọ́n jókòó lé. Arechisi ni adájọ́, ẹlẹ́rìí mẹ́ta sì jẹ́rìí fún àwọn mọ́ńkì. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ìwé ẹjọ́ náà láti òkè délẹ̀, àmọ́ nígbà tó kan ìbúra, èdè tí gbogbo ará àdúgbò ń sọ ni akọ̀wé fi kọ ọ́: «Sao ko kelle terre, per kelle fini que ki contene, trenta anni le possette parte sancti Benedicti». Ìyẹn ni pé: mo mọ̀ pé àwọn ilẹ̀ yẹn, láàárín ààlà tó wà nínú ìwé yìí, ọgbọ̀n ọdún ni àwọn ti Bẹ́nẹ́díìtì Mímọ́, ìyẹn àwọn mọ́ńkì náà, fi ni wọ́n.

Ìwé ẹjọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí àkọ́bí èdè Ítálì nínú àkọsílẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀. Sao, «mo mọ̀», ni so tí wọ́n ń sọ lónìí. Contene ti di contiene. Possette sì ti ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ àná ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ti wà lára ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìwé gírámà èdè Ítálì kankan kò tíì sí láyé. Nǹkan bí 480 ọdún ló kù kí èyí àkọ́kọ́ tó jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń há àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe sórí, ìyẹn ìlà tó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà fún èmi, ìwọ, òun, lónìí, lánàá àti lọ́la, mọ̀ nìyí: ẹnu àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ló kọ́kọ́ ṣe é, àwọn olùkọ́ kàn dé wá bá a ni.

Àtẹ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ ju èdè náà lọ. Ní Róòmù ní ọ̀rúndún kẹrin, Donatus, olùkọ́ Jerome Mímọ́, fi ìbéèrè àti ìdáhùn kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ̀rọ̀-ìṣe lego, «mo ń kàwé»: ẹni kìn-ín-ní, ẹni kejì, ẹni kẹta, lónìí, lánàá, lọ́la. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn pín sí. Priscian, tó kọ́ni ní Constantinople ní nǹkan bí ọdún 500, ní mẹ́rin ni. Látìn ní mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Ítálì, méjì tó wà láàárín dàpọ̀, ó wá ku èyí tó parí sí -are, -ere àti -ire. Wàhálà àwọn tó ń kọ́ -ere kò ì tíì tán títí dòní, torí pé vedere àti leggere wà nínú ilé kan náà, wọn kò sì dún bákan náà.

Apá tó dùn mọ́ mi jù ni ti àsìkò ọjọ́ iwájú, nítorí pé ó kú, wọ́n sì tún un bí. Láyé Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Róòmù àtijọ́, cantabit ni «yóò kọrin», cantavit sì ni «ó kọrin». Nígbà tó yá, b àti v tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bákan náà. Bí wọ́n bá wá sọ fún ọ pé lágbájá cantavit, o kò lè mọ̀ bóyá orin ti parí ni tàbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ti dicere, «sọ», ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: dicet ni «yóò sọ», dicit ni «ó ń sọ», nígbà tí e àti i tí a kò tẹnu mọ́ sì dàpọ̀, ọ̀la àti òní di ìkan náà.

Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n mú habere, «ní», wọ́n fi tì í lẹ́yìn: cantare habeo. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn níbí, torí «mo ní láti kọrin» là ń sọ lójoojúmọ́. Ọ̀ranyàn ni tiwọn náà kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ọjọ́ iwájú lásán. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé tiwa dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tiwọn lẹ̀ mọ́ra. Habeo súnkì títí ó fi di ho, ho náà wọlé sí cantare lára, wọ́n di cantarò. Ní Firenze, ìlú kan ní àgbègbè Toscana, ar tí a kò bá tẹnu mọ́ máa ń di er, ibẹ̀ ni canterò ti wá. Siena, tí kò jìnnà sí Firenze rárá, kò gbà. Cantarò ni wọ́n ń sọ lọ ní tiwọn fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun yìí ti kọ́kọ́ yọjú nínú àkọsílẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ìtàn kan tí wọ́n kọ ní Gaul (ilẹ̀ Faransé òní) ní ọ̀rúndún keje, tí wọ́n ń pè ní ti Fredegar, Justinian, olú-ọba Constantinople, ní kí ọba Páṣíà tó mú lẹ́rú dá àwọn ilẹ̀ kan padà. Ọba náà fi Látìn àtijọ́ dáhùn pé «non dabo», mi ò ní fi í lélẹ̀. Justinian ní «daras», wàá fi í lélẹ̀. Òǹkọ̀wé náà ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìlú kan ní Daras. Irọ́ ni: Olú-ọba Anastasius ló kọ́ ìlú náà kí Justinian tó gorí oyè. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ṣe wá lóore ni, torí pé ọjọ́ iwájú àtijọ́ àti tuntun pàdé nínú ìjà ẹnu kan ṣoṣo.

Ìtàn lílẹ̀ mọ́ra yìí ló tú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní agídí. Andrò, «màá lọ», vedrò, «màá rí», àti avrò, «màá ní», kò ya aláìgbọràn. Fáwẹ̀lì tí ẹnu fò kọjá ló sọnù níbẹ̀. Venire, «wá», pàdánù i tirẹ̀, n àti r fẹnu ko ara wọn, ó di verrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni vorrò àti terrò.

Látìn kò ní àsìkò fún «ǹ bá». Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n máa ń fi kún ti ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nílẹ̀. Ìran tó tẹ̀ lé wọn tún ṣe bí wọ́n ti ṣe fún ọjọ́ iwájú, wọ́n kàn fi habere ti àná rọ́pò ti òní. Bí ẹ bá kọ ebbi, avesti, ebbe sórí ìlà kan, kí ẹ sì kọ canterei, canteresti, canterebbe sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ìrù kan náà. Ìyẹn ni ti àwọn ará Toscana. Àwọn akéwì ààfin Ọba Frederick Kejì ní Sicilia, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, ń lo ti -ia: voria, saria. Adùn ewì wọn pọ̀ débi pé saria kò kúrò nínú ewì àti nínú ọ̀rọ̀ orin ọpẹra títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí kò ti sí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ àwọn ará Firenze.

Leon Battista Alberti, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí sí Genova, ló kọ gírámà àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọdún 1440. Àríyànjiyàn ló fà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Firenze ń sọ pé Látìn nìkan ló ní òfin, àti pé kò tíì sí ìgbà kan tí ará ìlú lásán sọ ọ́. Alberti fi èdè ìyá rẹ̀ dá wọn lóhùn: ó to ọ̀rọ̀-ìṣe Toscana sílẹ̀ bí Donatus ṣe to ti Látìn. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ ní 1508 wà ní Vatican, 1908 ló sì tó di ìwé títẹ̀. Nítorí náà, Giovanni Francesco Fortunio, agbẹjọ́rò, ló gba iyì àkọ́tẹ̀, ní Ancona ní 1516.

Pietro Bembo tẹ̀ lé e ní 1525, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni gbogbo ayé tọ̀. Ará Venezia ni, kì í ṣe ará Firenze, ó sì ní kí wọ́n má ṣe kọ èdè bí àwọn ará Firenze ìgbà rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Bí akéwì Petrarca àti òǹkọ̀wé ìtàn Boccaccio ṣe kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àtẹ ti pínyà pẹ̀lú ẹnu. Ẹ mú «mo máa ń kọrin» àtijọ́ yẹ̀ wò. Cantabam àti cantabat pàdánù ìparí wọn, méjèèjì di cantava, èmi àti òun kò yàtọ̀ mọ́. Àwọn ará Firenze yá o lọ́dọ̀ canto, wọ́n sọ ọ́ di cantavo. Àtúnṣe tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n io cantava làwọn ìwé ń kọ lọ. Alessandro Manzoni, ará Milano, náà kọ -ava nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, I promessi sposi, tó jáde ní 1827. Ó lọ sí Firenze lọ́dún yẹn, ó tẹ́tí sí wọn, nígbà tó sì tún ìwé náà tẹ̀ láti 1840 sí 1842, ó yí -ava padà sí -avo.

Firenze ló tún borí nínú ti «àwa». Cantamo, vedemo, sentimo ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ìrù kan tí kì í ṣe ti àsìkò yìí, -iamo, ya wọ gbogbo wọn ní Firenze ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ní Róòmù, andiamo ni olùkọ́ ń kọ sójú pátákó, annamo sì ni ọmọ ń sọ bó bá jáde.

Ìjọba náà ti fọwọ́ bọ̀ ọ́ rí. Bí àwa ṣe ń fi «ẹ» bọ̀wọ̀ fún àgbà, Lei, «òun» ti obìnrin, ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹni kẹta ló sì ń bá a rìn. Ní 1938, ẹgbẹ́ Mussolini tó ń ṣàkóso Ítálì ní ti àjèjì ni Lei, Voi ni kí gbogbo èèyàn máa lò. Ìwé ìròyìn obìnrin kan tó ń jẹ́ Lei yí orúkọ padà sí Annabella, bẹ́ẹ̀ «obìnrin náà» lásán ni Lei tiwọn túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ogun, Lei padà sẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Nígbà tí Ítálì di orílẹ̀-èdè kan ní 1861, onímọ̀ èdè Tullio De Mauro ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìdá 2.5 péré nínú 100 ló gbọ́ èdè Ítálì. Onímọ̀ èdè mìíràn, Arrigo Castellani, ní ó sún mọ́ 10. Èyíkéyìí ká gbà nínú méjèèjì, èdè àjèjì ni àtẹ yẹn jẹ́ fún ọmọ Napoli tàbí ti Torino tó ń há a sórí. Ilé ìwé, iṣẹ́ ológun àti tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ló gbé e dé ilé onílé.

Síbẹ̀ ó kù síbì kan. Àtẹ náà ní ọ̀nà méjì láti sọ «mo jẹun» àná: mangiai, tí ìrù rẹ̀ wá tààrà láti inú Látìn, àti ho mangiato, tí wọ́n tún fi «ní» kọ́. Ìwé ilé ìwé ní mangiai wà fún ohun tó ti jìnnà, ho mangiato fún ohun tó ṣì kan òní. Ní àríwá, mangiai ti kúrò lẹ́nu, inú ìwé ìtàn àròsọ nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Ní Sicilia, ẹni tó jẹun láàárọ̀ òní lè sọ pé òun mangiai, kò sì sí ẹni tó máa rò pé ó ti pẹ́.