Bí wọ́n ṣe ń yọ ọlọ́pàá àti alága káńsù tó ń ni aráàlú lára

Bí ọlọ́pàá bá lu ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni lu bàrà, ohun tí ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí gómìnà lé e dànù. Gómìnà ò lè lé e. Abala 214 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà lórí ètò ààbò, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ aṣọ lọ́rùn kóńsítébù kan ṣoṣo. Àjọ PSC tó ń gba ọlọ́pàá síṣẹ́ ló lágbára láti lé wọn, àfi ọ̀gá àgbà pátápátá, tó jẹ́ pé Ààrẹ ló ń yàn án.

PSC ti gbé agbára ìbáwí àwọn tí ipò wọn kéré lé àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra wọn lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ń pè ní orderly room ni ẹjọ́ tiwọn ti ń wáyé. Kì í ṣe kóòtù, àmọ́ ó fara jọ ọ́. Wọ́n á gba fìlà àti bẹ́líìtì lára ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, wọ́n á mú un wọlé síwájú ọ̀gá tó jókòó bí adájọ́, wọ́n á sì ka ẹ̀sùn sí i létí. Ẹni tó mú ẹjọ́ wá á sọ tẹnu ẹ̀, ọlọ́pàá náà á bi í léèrè ọ̀rọ̀, á sì pe ẹlẹ́rìí tiẹ̀ bó bá ní. Ìwé ìdájọ́ á wá gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fọwọ́ sí i: ìkìlọ̀ líle ni o, ìjáwálẹ̀ ní ipò ni o, tàbí kí wọ́n lé e.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kú sí. Ẹni tó pariwo lórí Facebook kì í yọjú. Ẹ̀rù ń bà á, tàbí kẹ̀ wọ́n ti wá bá àwọn àgbà ilé ẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í, ó níyàwó, ó lọ́mọ." Bí kò bá sí ẹni tó máa jẹ́rìí, fáìlì á sùn. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ariwo lọ: orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, aago. Owó ẹ̀gúnjẹ òde òní náà ní ẹsẹ̀ tó ń fi sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n mú fi owó ránṣẹ́ sí oní-POS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tésàn, kó wá gbé káàṣì jáde. Alẹ́ẹ̀tì yẹn, tòun ti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, ṣòroó jiyàn sí. Ẹ̀ka CRU tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní fún gbígba ẹ̀sùn mọ ohun tí wọ́n lè fi irú rẹ̀ ṣe.

Ti ASP, ìyẹn ipò Assistant Superintendent of Police, lọ sókè yàtọ̀. PSC fúnra rẹ̀ ló ń pinnu. Nígbà tí ASP Drambi Vandi yìnbọn pa agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem ní Ajah lọ́jọ́ Kérésì 2022, ńṣe ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá dámọ̀ràn fún PSC pé kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀tọ̀ sì ni ti kóòtù: ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2023, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún un.

Kí wọ́n gbé ọlọ́pàá láti Ìkẹjà lọ sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìyà rárá. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi jìyà.

Ní ti alága káńsù, gómìnà tún ń fẹ́ gba ibi tí kò sí ọ̀nà kọjá. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019 tí Ṣèyí Mákindé gorí oyè ní Ọ̀yọ́, ó tú àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ká. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kò bófin mu, ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣèkìlọ̀ kan náà nínú ẹjọ́ Èkìtì ní 2016. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ni òfin ìpínlẹ̀ sábà máa ń fún lágbára láti yọ alága: wọ́n á kọ ẹ̀sùn, wọ́n á jẹ́ kó fèsì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn á sì dìbò.

Níbo ni ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn ti máa wá? Nínú ìbò káńsù Èkó ti oṣù keje 2025, APC ló gba ipò alága mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta, ó tún gba 375 nínú ipò kánsẹ́lọ̀ 376. Bí alága bá ń jẹ owó ìlú níbẹ̀, pálọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti máa yanjú, kì í ṣe gbọ̀ngàn káńsù.

Ọ̀nà tó kù kò nílò ìbò kankan. Ààrẹ, gómìnà àti igbákejì wọn nìkan ni abala 308 dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà lórí oyè. Alága káńsù kò sí níbẹ̀. EFCC tàbí ICPC lè gbé e lọ sí kóòtù bó ṣe wà lórí àga, bí ẹnìkan bá lè gbé ìwé kọ́ńtíráàtì àti fọ́tò títì tí wọn ò ṣe síwájú wọn.