Àṣàrò: ẹnu ló ti ń bẹ̀rẹ̀

Tí pásítọ̀ bá ní ká lọ ṣe àṣàrò lórí ẹsẹ Bíbélì kan, ọ̀pọ̀ wa á jókòó, a ó dijú, a ó máa ronú. Kò ní pẹ́ tí oorun á fi gbé wa lọ, tàbí kí ọkàn ti dé ọjà. (Ẹ má pè é ní àsáró o, ti iṣu nìyẹn.)

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nídìí àṣàrò nínú Jóṣúà 1:8 àti Sáàmù 1:2 ni hagah, ohùn ló sì wà nínú rẹ̀. Òun náà ni Aísáyà 31:4 lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, tí 38:14 tún lò fún àdàbà tó ń ké. Abájọ tí Jóṣúà fi gbọ́ pé ìwé òfin náà kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu òun. Ẹnu ni wọ́n sọ, wọn ò tíì dárúkọ orí.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, Benedict ya wákàtí sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún àwọn mọ́ńkì rẹ̀ ní Ítálì, àwọn ọkùnrin tó ya ayé wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, láti máa ka Ìwé Mímọ́ lọ́nà yìí. Lectio divina ni orúkọ rẹ̀ ní Látìn, ìyẹn kíkà mímọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Guigo Kejì, olórí ilé mọ́ńkì Grande Chartreuse ní Faransé, fi í wé àkàsọ̀ onípele mẹ́rin. Kíkà ń gbé oúnjẹ sẹ́nu, àṣàrò ń rún un, àdúrà ń wá adùn rẹ̀, ipele kẹrin sì ni adùn náà gan-an.

Ẹ wo ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri lọ́sàn-án. Ó ti jẹun tán láàárọ̀. Nǹkan á gòkè lọ́rùn rẹ̀, ẹnu á máa lọ sọ́tùn-ún sósì, á gbé e mì, á dákẹ́ díẹ̀, òmíràn á tún gòkè. Àpọ̀jẹ nìyẹn. Orúkọ yẹn gan-an làwọn mọ́ńkì fún àṣàrò.

Ẹ mú Sáàmù 23:1, kí ẹ rọra kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ tí onílé bá ti wá kanlẹ̀kùn nítorí owó ilé, “aláìní” ló máa lẹ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má sáré lọ sí ẹsẹ 2. Èmi kì yóò ṣe aláìní. Èmi. Kì yóò. Tí ẹ bá wá sọ fún Ọlọ́run pé ẹ ò tíì rí ọ̀nà tó máa gbà, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìpariwo.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí jọ ti àwọn tó ń sọ ọkàn di òfìfo. Ṣé ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀ ni a ó pè ní òfìfo?

Ipele kẹrin ló ṣòro láti fún lórúkọ lédè wa. Tí a bá pè é ní àṣàrò jíjinlẹ̀, a ṣì í, nítorí rírún ti tán. Sáàmù 131 ló sún mọ́ ọn jù: ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú, tí kò sunkún wàrà mọ́, tó kàn jókòó ti ìyá rẹ̀. Ọlọ́run ló ń fúnni, a kì í fipá gbà á. Bí ọkàn bá tún sá lọ sọ́jà, ẹ padà sórí “aláìní.”